A Kì Í Fi Iná Sórí Òrùlé Sùn

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ wáyà ni. Wáyà ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n ni a ní lọ́kàn, èyí tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé tí kò sí ní Èkó, tí a ń fà láti pálọ̀ wọ yàrá, tí a ń yá aládùúgbò lò, tí a sì ń jù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nígbà tí a bá lò ó tán. Ohun tó mú wa kọ̀wé nípa rẹ̀ ni pé díẹ̀ ló kù kí ó jó wa mọ́lé.

Ilé tí a ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Èkó jẹ́ ilé àtijọ́, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan. Bíríkì ni ògiri rẹ̀, ṣùgbọ́n pákó ni ilẹ̀ òkè tí àwa ń gbé, a sì tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé pákó náà lórí. Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé náà, kò sí ẹni tó rò ó pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ìdílé kan ṣoṣo yóò ní fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n, fáànù mẹ́ta, áyọ́ọ̀nù, àti fóònù mẹ́rin tí ebi iná ń pa. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ló wà ní pálọ̀, ọ̀kan ló wà ní yàrá. Nítorí náà a ra ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n bí gbogbo ayé ṣe ń rà á. A gbà á kọjá lábẹ́ ilẹ̀kùn, a sì fi kápẹ́ẹ̀tì bò ó kí ó má baà gbé àwọn ọmọ ṣubú. A rò pé ọgbọ́n ni a gbọ́n.

Ní alẹ́ Sátidé kan, a ń lọ aṣọ tí àwọn ọmọ yóò wọ̀ lọ sí ìsìn ní ọjọ́ kejì. Fíríìjì wà lórí ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n, áyọ́ọ̀nù wà lórí rẹ̀, ẹnì kan nínú wa sì tún lọ ki kẹ́tùrù oníná bọ̀ ọ́ láti se omi tíì. Màmá wa àgbà, tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn yàrá, ló kọ́kọ́ pariwo.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí ló ń rùn bíi rọ́bà?"

A dá wọn lóhùn pé, "Màmá, ó jọ pé wọ́n ń jó ìdọ̀tí níta ni."

"Ìdọ̀tí kọ́! Abẹ́ ẹsẹ̀ mi níbí ni. Ilẹ̀ ń gbóná!"

A sáré yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri, a sì ká kápẹ́ẹ̀tì sókè. Ohun tí a rí mú kí ara wa bu máṣọ. Ojú ibì kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ti dúdú lára kápẹ́ẹ̀tì, ara pákó abẹ́ rẹ̀ sì ti ń di èédú. Kò sí ọwọ́ iná kankan, kò sí ariwo kankan. Ẹ wò ó, bí ó bá jẹ́ pé Màmá ti lọ sùn ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ agogo méjì òru ńkọ́?

Ojú ìsopọ̀ ló jó

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, a ránṣẹ́ pe bàbá àgbàlagbà kan tó ń ṣiṣẹ́ iná mànàmáná ní àdúgbò wa. Wọ́n gbé wáyà náà lọ́wọ́, wọ́n yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún.

"Ta ló so wáyà yìí?"

"Àwa ni, sà. Ilẹ̀kùn ló gé e ní bí ọdún méjì sẹ́yìn. A lọ́ ọ pọ̀, a sì fi téèpù dúdú wé e dáadáa."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣeun. Ẹ wo ibí yìí, ṣé ó jó? Kò jó. Ẹ wo ọ̀hún, ṣé ó jó? Kò jó. Kì í ṣe wáyà ló jó, ojú ìsopọ̀ tí ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe ló jó."

Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ kí gbogbo ilé tó bá ka ìwé yìí dì mú. Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé bí ó ṣe rí. Iná mànàmáná ń gba inú bàbà pupa tó wà nínú wáyà kọjá bí èrò ṣe ń gba ojú ọ̀nà kọjá. Ẹ ro ọjà Ìdúmọ̀tà wò ní oṣù Kejìlá. Níbi tí ọ̀nà bá ti fẹ̀, èrò ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀nà bá ti há, tí ọlọ́mọlanke dúró, tí aláte pàtẹ sí, ibẹ̀ ni èrò ti ń fún ara wọn pọ̀, ibẹ̀ ni òógùn ti ń bò wọ́n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ojú ìsopọ̀ wáyà rí. Bí a bá fi ọwọ́ lásán lọ́ wáyà méjì pọ̀, wọn kì í fara kan ara wọn dáadáa. Àwọn òwú bàbà mìíràn ti já nígbà tí a ń fi eyín tàbí abẹ bó wọn. Ọ̀nà há níbẹ̀, nítorí náà ibẹ̀ ni ooru ń kó jọ sí.

Ooru yìí kì í dúró lójú kan. Bí ojú ìsopọ̀ bá ṣe ń gbóná tó sì ń tutù, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa tú díẹ̀díẹ̀. Atẹ́gùn Èkó tí iyọ̀ wà nínú rẹ̀ yóò mú kí bàbà náà dípẹtà. Àtè ara téèpù yóò gbẹ, téèpù náà yóò sì ṣí. Èyí ló fà á tí ìsopọ̀ tí kò ṣe nǹkan kan lọ́dún tó kọjá fi lè jó ilé lọ́dún yìí. Ẹni tó so ó ti gbàgbé, ṣùgbọ́n wáyà kò gbàgbé. Àwọn àgbà wa sọ pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Àwa kò fi iná sórí òrùlé, abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ni a fi í sí, a sì fi ọdún méjì gbáko sùn lé e lórí.

Ẹrù tí wáyà lè gbé

Ó ti pẹ́ tí iná mànàmáná dé Èkó. Ọdún 1896 ni wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè rẹ̀ níbí. NEPA tí a mọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1972, PHCN gbapò rẹ̀ ní ọdún 2005, láti ọdún 2013 ló sì ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni. Síbẹ̀ náà, "Up NEPA!" ni àwọn ọmọ wa ṣì ń pariwo bí iná bá dé. Ní gbogbo àkókò yìí, ohun èlò inú ilé ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́, sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri kò pọ̀ sí i. Ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n ló ń ru gbogbo ẹrù náà.

Báwo ni a ṣe lè mọ ẹrù tó lè rù? Ìṣirò náà kò le. Iná ilé wa ní Nàìjíríà jẹ́ fóòtì 230 sí 240. Fíùsì tó tóbi jù nínú púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta jẹ́ ti ámpíà 13. Bí a bá sọ 230 di ìlọ́po 13, wáàtì 2,990 ni, kí a kúkú pè é ní 3,000. Gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n lápapọ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìyẹn lọ, kódà bí ojú ihò rẹ̀ bá jẹ́ mẹ́fà. Wọ́n máa ń kọ wáàtì sí ìdí ohun èlò kọ̀ọ̀kan. Áyọ́ọ̀nù sábà máa ń jẹ bíi 1,000 sí 1,200. Kẹ́tùrù oníná lè jẹ 2,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fáànù kì í sábà ju 100 lọ. Fóònù kò tó nǹkan. Ẹ rí i nísinsìnyí pé áyọ́ọ̀nù àti kẹ́tùrù nìkan ti kún ojú òṣùwọ̀n, ká má tíì sọ ti fíríìjì tó máa ń fa iná púpọ̀ ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí èyí di òfin nínú ilé: ohunkóhun tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mú nǹkan gbóná, ara ògiri ni kí ó ti máa gba iná. Sítóòfù oníná, kẹ́tùrù, áyọ́ọ̀nù, àti irin tí a fi ń se omi ìwẹ̀ nínú báàkẹ́ẹ̀tì wà lára wọn. Ẹ fi ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n sílẹ̀ fún tẹlifíṣọ̀n, rédíò, fáànù, àtùpà àti fóònù. Ẹ má sì ki ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n kan bọ ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n mìíràn, nítorí ti àkọ́kọ́ ni yóò ru ẹrù àwọn méjèèjì.

Bí wáyà ṣe nípọn tó tún ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá fẹ́ ra èyí tí yóò lè ru ẹrù púpọ̀, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ 1.5 sí lára. Èyí tí wọ́n kọ 0.75 sí kò lágbára jù bí ámpíà 6 lọ, ìyẹn ni pé kò tó ìdajì ẹrù tí fíùsì 13 lè gbà kọjá. Ẹ ṣọ́ra fún wáyà tí rọ́bà rẹ̀ nípọn ṣùgbọ́n tí bàbà inú rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ, tàbí èyí tí bàbà rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ òkè lásán. Ẹ gbé e lọ́wọ́ wò. Èyí tó fúyẹ́ jù, ẹ bi í léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ wo ara rẹ̀ fún àmì NIS ti àjọ SON tó ń mójú tó bí ọjà ṣe dára tó ní ilẹ̀ wa. Owó tí a fi ra wáyà gidi pọ̀, ṣùgbọ́n kò pọ̀ tó owó kápẹ́ẹ̀tì.

Ẹ má rò pé Èkó nìkan ni a ti ń rí irú ewu yìí. Ní ọjọ́ 9, oṣù Kìíní, ọdún 2022, iná sẹ́ nínú ilé alájà mọ́kàndínlógún kan ní Bronx, ní ìlú New York. Ẹ̀rọ amúlémóoru oníná tó ń ṣiṣẹ́ láìdáwọ́dúró ni wọ́n sọ pé ó fà á. Èéfín gba ẹnu ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, ó bo gbogbo òkè. Èèyàn mẹ́tàdínlógún ló kú, ọmọdé mẹ́jọ wà nínú wọn. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bíi tiwa, àwọn ìdílé tó wá láti Gáḿbíà. Àwọn wọ̀nyí wà ní ìlú tí mọ́tò panápaná ti ń tètè dé. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹ rántí ọjọ́ 5, oṣù Kọkànlá, ọdún 2019, nígbà tí iná jó ní ọjà Balógun. Gbogbo wa la mọ bí ọ̀nà ibẹ̀ ṣe há tó, bí ó sì ṣe ṣòro tó fún mọ́tò panápaná láti wọlé. Ní àdúgbò tí ilé fara ti ilé, iná inú yàrá ẹnì kan kì í ṣe ti ẹnì kan.

Bí a ṣe ń tún un ṣe

Bàbá oníṣẹ́ iná náà kọ́ wa ní ohun tí a lè fi ọwọ́ ara wa ṣe àti ohun tí a kò gbọ́dọ̀ dán wò. Ẹ jẹ́ kí a pín in fún yín.

Àkọ́kọ́, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Kì í ṣe pé kí a pa súwíìṣì nìkan. Ẹ má sì sọ pé, "NEPA ti mú iná lọ." Ẹni tó mú un lọ lè dá a padà nígbà tí wáyà wà láàárín ìka yín.

Èkejì, bí àárín wáyà bá gé, tàbí tí rọ́bà rẹ̀ ya débi tí a ti ń rí àwọ̀ wáyà inú, ẹ má ṣe so ó. Ẹ gé ibi tó bàjẹ́ náà dànù pátápátá. Apá tó kù sí ọ̀dọ̀ ojú ihò ni kí ẹ fi púlọ́ọ̀gì sí, yóò di ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n kúkúrú. Ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n kúkúrú tó pé sàn ju gígùn tó ní ojú ìsopọ̀ lọ. Bí rọ́bà gbogbo ara wáyà náà bá ti le tó ń ya bí ilẹ̀ ẹ̀rùn, ìgbà rẹ̀ ti tó. Ẹ jù ú nù, kí ẹ sì gé e wẹ́wẹ́ kí ẹlòmíràn má baà ṣà á lò.

Ẹ̀kẹta, fífi púlọ́ọ̀gì sí i. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń lò yìí, ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni a ti gbà á. Ọdún 1947 ni wọ́n gbé ìlànà rẹ̀ jáde, wọ́n sì ronú jinlẹ̀ sí i kí wọ́n tó ṣe é. Bí ẹ bá ṣí i, tí ẹ gbé e sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ ńlá wà lókè, tí inú rẹ̀ sì kọjú sí yín, ọwọ́ ọ̀tún ni fíùsì wà. Ibẹ̀ ni wáyà aláwọ̀ búráùn ń lọ, òun ló ń gbé iná wá. Wáyà aláwọ̀ búlúù ń lọ sí ọwọ́ òsì, òun ló ń dá iná padà. Èyí tó ní àwọ̀ ewé àti ìyeyè pọ̀ ń lọ sí òkè, òun ni wáyà ilẹ̀ tí ń gba ẹ̀mí là. Nínú ògiri àwọn ilé àtijọ́, ẹ lè bá pupa, dúdú àti àwọ̀ ewé. Pupa ló ń gbé iná wá níbẹ̀, ṣùgbọ́n ti inú ògiri kì í ṣe iṣẹ́ wa, ẹ fi í sílẹ̀ fún oníṣẹ́ iná.

Ẹ rọra bó orí wáyà náà kí òwú bàbà kankan má já. Ẹ lọ́ àwọn òwú náà pọ̀ kí ẹyọ kan má yà síta. Ẹ jẹ́ kí wáyà ilẹ̀ gùn díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, kí ó jẹ́ pé bí ẹnì kan bá fa wáyà náà lójijì, òun ni yóò já kẹ́yìn. Ẹ dè wọ́n dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ rí i pé ìdè tó wà ní ẹnu púlọ́ọ̀gì di rọ́bà òde mú, kì í ṣe àwọn wáyà kéékèèké inú. Bí ẹ bá pa á dé, ẹ fà á díẹ̀ wò. Bí ó bá mira, ẹ tún un ṣe.

Ẹ̀kẹrin, ọ̀rọ̀ fíùsì. A mọ àwọn tó jẹ́ pé bí fíùsì bá jó, òwú bàbà tàbí bébà fàdákà inú páálí sìgá ni wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Fíùsì jó kí ilé má baà jó ni. Bí ó bá jó lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi irú rẹ̀ gan-an rọ́pò rẹ̀. Bí ó bá tún jó, ó ń sọ nǹkan fún yín. Ẹ pe oníṣẹ́ iná.

Ẹ̀karùn-ún, púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Bí àwọn ọmọ wa ṣe máa ń fi bírò tàbí igi ìṣáná ti ihò òkè kí ẹlẹ́sẹ̀ méjì lè wọlé, ewu ńlá ni. Ihò yẹn ni kọ́kọ́rọ́ àwọn ihò méjèèjì ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ ńlá púlọ́ọ̀gì ni wọ́n ṣe láti ṣí wọn, kí ọmọ kékeré má baà lè ki nǹkan bọ̀ wọ́n. Ẹ ra adápítà tó bá a mu.

Bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀

Ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n kì í ṣe ara ilé. Àlejò ni. Bí ó bá parí iṣẹ́ rẹ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ ká a, kí ẹ sì gbé e kọ́. Ẹ mú orí púlọ́ọ̀gì yọ ọ́, ẹ má fa wáyà. Ẹ ká a ní òrùka ńlá tó fẹ̀ tó fèrè kẹ̀kẹ́ ọmọdé, kí ẹ jẹ́ kí ó tẹ̀ lé bí ara rẹ̀ ṣe fẹ́ yí. Ẹ má wé e mọ́ ìgbọ̀nwọ́ yín pinpin, ẹ má sì ta á ní kókó, nítorí ibi tó bá ṣẹ́ ni bàbà inú rẹ̀ yóò ti máa já lọ́kọ̀ọ̀kan. Aṣọ pélébé ni kí ẹ fi so ó.

Ibi gíga tó gbẹ ni kí ẹ gbé e kọ́ sí, lórí igi tó fẹ̀ díẹ̀, kì í ṣe orí ìṣó ẹlẹ́nu mímú. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sí kíṣíìnì nítòsí kẹrosíìnì àti òróró, ẹ má sì jù ú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Eku Ìsàlẹ̀ Èkó kò mọ̀ pé rọ́bà wáyà kì í ṣe oúnjẹ. Kí ẹ tó tún lò ó, ẹ fi ojú wo gbogbo gígùn rẹ̀ láti orí dé ìdí. Ìṣẹ́jú kan péré ni yóò gbà.

Nígbà òjò, tí omi bá wọ ilé bí ó ṣe máa ń wọ ti àwọn ará wa kan ní Ìdúmàgbò àti Adéníji Adélé, ohun tí omi bá kàn nínú ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n ti di ohun ìfura. Ẹ má fẹsẹ̀ wọ inú omi láti yọ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ pa iná gbogbo ilé níbi tí súwíìṣì ńlá wà, bí ẹ bá lè dé ibẹ̀ láìtẹ omi. Ojú ihò tí omi ẹ̀gbin ti wọ̀, oòrùn kò lè tún un ṣe tán. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Bí ẹ bá sì ń lò ó, ẹ tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Wáyà tí a ká jọ nígbà tí iná ń gba inú rẹ̀ kọjá dà bí ọmọ mẹ́wàá lórí ẹní kan lásìkò ooru, ooru ọ̀kan ń ta bá èkejì. Ẹ má gbà á sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ẹ má fi ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé há a. Lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan púlọ́ọ̀gì. Bí ó bá lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀, kò burú. Bí ó bá gbóná débi tí ẹ fi yára fa ọwọ́ yín sẹ́yìn, ẹ pa á.

Àṣà mẹ́ta tí ó yẹ kí a fi sílẹ̀

Èkíní: bí iná bá lọ nígbà tí a ń lọ aṣọ, a máa ń fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ lórí aṣọ, a ó sì bá tiwa lọ. Nígbà tí iná bá dé, a ti lọ sọ́jà, ẹnikẹ́ni kò sí nílé. Bí iná bá ti lọ, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí a yọ púlọ́ọ̀gì.

Èkejì: àwọn kan ń lo wáyà tí púlọ́ọ̀gì wà ní orí rẹ̀ méjèèjì láti fi iná jẹnẹrétọ̀ wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri. Ẹni tó bá fa ọ̀kan yọ, ẹsẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní iná lára. Bí iná ìjọba bá sì dé bá a lójijì, jẹnẹrétọ̀ lè jó. Ṣénjọ́fà ni kí a lò, kí oníṣẹ́ iná sì bá wa fi í sí i.

Ẹ̀kẹta kan àwa tí a ń ṣe ìpàdé àdúrà nínú ilé. Kíbọọ̀dù, ẹ̀rọ gbohùngbohùn, fáànù àlejò àti iná àfikún, gbogbo rẹ̀ lórí wáyà kan tó gba ẹsẹ̀ ogún èèyàn kọjá! Ìwé Diutarónómì, orí 22, sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun, pé kí ó ṣe ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká kí ẹnikẹ́ni má baà ti ibẹ̀ ṣubú. Ààbò ẹni tó wọ ilé wa wà lọ́rùn wa. A ti máa ń gbàdúrà fún ìrìn àjò àwọn tó wá. Ẹ jẹ́ kí a tún máa wo wáyà tí wọn yóò tẹ̀ kọjá.

Bí aburú bá ṣẹlẹ̀

Bí iná mànàmáná bá gbé ẹnì kan, ẹ má fọwọ́ kan án. Ẹ pa iná. Bí ẹ kò bá rí súwíìṣì, ẹ dúró sí ibi gbígbẹ, kí ẹ fi igi gbígbẹ ti wáyà kúrò lára rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kódà bí ó bá ní ara òun ti yá. Bí wáyà bá ń jó, ẹ má da omi sí i nígbà tí iná ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ pa iná, ẹ da yanrìn gbígbẹ sí i tàbí kí ẹ lo ẹ̀rọ panápaná oníyẹ̀fun. Bí ó bá ju agbára yín lọ, ẹ kó àwọn ọmọ àti àwọn àgbà jáde, ẹ pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn yín kí èéfín má baà tàn, kí ẹ sì pe 767 tàbí 112. Ẹ má padà wọlé nítorí ẹrù.

Ní ilé tiwa, a ti gé wáyà àtijọ́ náà wẹ́wẹ́. Onílé gbà kí a fi sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì sí i lára ògiri, àwa àti àwọn tó ń gbé ìsàlẹ̀ sì jọ dá owó rẹ̀, nítorí àjà wọn ni pákó wa. Àmọ́ a kò pààrọ̀ pákó tó dúdú náà. Màmá ní kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìfi kápẹ́ẹ̀tì bò ó. Wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó bá ń lọ sùn máa rí i.

Kí ẹ tó pa ìwé yìí dé, ẹ dìde lọ ká kápẹ́ẹ̀tì yín sókè. Ẹ wo ẹ̀yìn fíríìjì, ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí ẹ bá rí téèpù dúdú lára wáyà kan, ẹ mọ ohun tí ẹ ó ṣe. Olúwa yóò bá wa ṣọ́ ilé wa. Ó dìgbà tí a bá tún pàdé ní ojú ìwé yìí.